Bí Ìròyìn Ìlera Ṣe Ń Dé Etí Obìnrin: Láti Etí Odò Dé Orí Tẹlifóònù

Ìtàn tí a fẹ́ kà yìí kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn àwọn obìnrin ni. A fẹ́ mọ bí obìnrin oko, ẹni tí wọn kì í sábà pè sí ìpàdé, ṣe ń gbọ́ ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa àìsàn.

Moretan wà ní agbègbè Est-Mono, ní ìhà Atakpamé, ní ilẹ̀ Togo. Èdè wa bá èdè Yorùbá tan. Àwọn kan ń pè wá ní Ifẹ̀, àwọn kan ń pè wá ní Àná, àwọn mìíràn sì ń pè wá ní Nàgó. Ní abúlé wa, obìnrin ló ń pọn omi. Òun ló ń se oúnjẹ. Òun ló ń wẹ ọmọ. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, òun ló ń jí. Nítorí náà, bí àìsàn bá wọlé, obìnrin ló ń kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ nípa àìsàn náà bá jáde, obìnrin ló sábà máa ń gbọ́ ọ kẹ́yìn. Kí ló fà á? Báwo ni ó ṣe ń yí padà? Ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Etí odò àti ọjà

Láyé àtijọ́, ẹnu ni ìwé àwọn ìyá wa. Ìyá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ewé tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyá àgbà ń sọ fún aboyún ohun tí yóò jẹ àti ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ. Agbẹ̀bí mọ ìgbà tí ọmọ fẹ́ wáyé. Bí obìnrin méjì bá pàdé ní etí odò, tàbí bí wọ́n bá jọ gbé ẹrù lọ sí ọjà, wọn yóò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́ yóò béèrè. Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ti wúkọ́ rí yóò dáhùn.

Ọ̀nà yìí dára ní ohun méjì. Èkíní, èdè ilé ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èkejì, ẹni tí kò gbọ́ lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn àgbà sọ pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní àìpé tirẹ̀. Ohun tí ìyá kò bá mọ̀, kò lè fi kọ́ ọmọ. Bí gbogbo ìlú bá ṣi ohun kan mọ̀, gbogbo wọn yóò jọ ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ sòbìà.

Sòbìà àti asẹ́ aláṣọ

Àwọn àgbà wa kò lè gbàgbé sòbìà. Kòkòrò gígùn ni, ó dà bí òwú funfun, a sì máa yọ ní ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìrora. Ẹni tó bá ṣe lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó sábà máa ń bọ́ sí àkókò iṣẹ́ oko.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìhà Ìbàràpá, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìdèrè. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ yunifásítì náà bá àwọn ará Ìdèrè sọ̀rọ̀ nípa sòbìà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sòbìà wà lára gbogbo ènìyàn láti ìgbà tí a ti bí wọn, bí iṣan. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ta ni yóò gbìyànjú láti dènà rẹ̀?

Òtítọ́ rẹ̀ nìyí. Inú omi adágún ni sòbìà ti ń wá. Bí ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ bá wọ inú omi, kòkòrò náà yóò tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Àwọn ẹranko kéékèèké tí ojú kò lè rí dáadáa yóò gbé wọn mì. Ẹni tó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ, sòbìà yóò dàgbà nínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, yóò yọ. Kò sí oògùn tó ń pa á. Kò sì sí abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀. Ohun tó lè dènà rẹ̀ ni ìmọ̀: kí a sẹ́ omi kí a tó mu ún, kí ẹni tó ń ṣe àìsàn náà má sì wọ inú omi.

Àwọn olùkọ́ náà rí ohun mìíràn. Bí sòbìà bá mú ìyá, kì í ṣe òun nìkan ló ń jìyà. Ìyá tí kò lè rìn kò lè lọ sí ọjà. Kò lè gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ọmọ kò ní rí oúnjẹ tó yẹ jẹ.

Nítorí náà wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn tó ń pọn omi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera inú abúlé, ọmọ ìlú náà fúnra wọn, ń fi asẹ́ aláṣọ hàn, wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n ń sọ ọ́ ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Obìnrin tó bá ra asẹ́ ń fi han aládùúgbò rẹ̀.

Ní ọdún 1988, nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Ní ọdún 2008, Nàìjíríà rí ẹni ìkẹyìn. Ní ilẹ̀ Togo tiwa, ọdún 2006 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní ọdún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Togo. Ìjọba ṣiṣẹ́, àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó di asẹ́ mú lójoojúmọ́, tó da omi sínú ìkòkò, ọwọ́ obìnrin ni.

Iyọ̀, ṣúgà àti omi

Ẹ jẹ́ kí a jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀, sí ilẹ̀ Bangladesh, ní ìhà Éṣíà. Ní ọdún 1971, ogun jà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Àrùn onígbáméjì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n ní ibùdó. Omi tí wọ́n ń fà sí ara aláìsàn láti inú ìgò kò tó. Dókítà kan, Dilip Mahalanabis, sọ pé kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí àwọn ẹbí sì máa fún aláìsàn mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ti ń kú tẹ́lẹ̀, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 4.

Ṣùgbọ́n kí dókítà mọ̀ ọ́n kò tó. Ìyá ló ń jókòó ti ọmọ tó ń ṣu. Láti ọdún 1980 sí ọdún 1990, àjọ kan tó ń jẹ́ BRAC rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé ní Bangladesh. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá ní bí a ṣe ń po omi yìí. Ilé tí wọ́n dé lé ní mílíọ̀nù 12. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá náà kò mọ̀wé. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí àjọ náà dá: wọn kì í san owó olùkọ́ nítorí pé ó sọ̀rọ̀. Wọ́n ń padà lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá. Bí ìyá bá rántí dáadáa, owó olùkọ́ pọ̀. Bí ìyá bá ti gbàgbé, owó olùkọ́ dínkù. Nítorí náà, olùkọ́ kì í kúrò títí tí ìyá yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí ìwọ̀n yìí: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí kékeré 6 ti ṣúgà, àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré ti iyọ̀. Kí ṣíbí náà tẹ́jú, kó má ṣe ga. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé iyọ̀ púpọ̀ lè pa ọmọ. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá ní ilé ìwòsàn, òun ló dára jù. Bí ọmọ bá ń ṣu ẹ̀jẹ̀, bí kò bá lè mu omi, tàbí bí ojú rẹ̀ bá jìn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Rédíò

Ní ọdún 1954, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta rédíò kékeré tó ń lo bátìrì, èyí tí wọ́n ń pè ní transistor, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láìpẹ́ ó dé ilẹ̀ wa. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn dókítà tó wà ní Lomé lè dé oko. Ẹni tí kò mọ̀wé lè gbọ́ ọjọ́ tí wọn yóò fún ọmọ ní abẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí, ta ló ni rédíò nínú ilé? Baálé ilé ni. Òun ló ń gbé e lọ sí oko tàbí sí ibi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó. Nígbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ aboyún, aboyún wà ní ìdí ààrò. Rédíò tún ní àìpé kejì. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè bi í léèrè.

Irọ́ náà sì ń rìn jìnnà. Ní ọdún 2003, ní ìhà àríwá Nàìjíríà, àwọn aṣáájú kan sọ pé oògùn tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ yóò sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Kano, wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró títí di ọdún 2004. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àrùn náà gbilẹ̀ padà. Ó kọjá ààlà. Ó dé Benin, ó dé Ghana, ó sì dé Togo wa níbí. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò gbọ́ irọ́ náà rí, tí kò mọ ibi tí Kano wà, àrùn náà lè mú un. Ẹ ò rí i pé irọ́ tí wọ́n pa ní ìlú àwọn ẹlòmíràn lè kan ọmọ wa?

Tẹlifóònù dé

Ní nǹkan bí ọdún 2000, tẹlifóònù tí a ń gbé lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé abúlé. Ó ní ohun tí rédíò kò ní: a lè dáhùn, a sì lè béèrè.

Ní ilẹ̀ Ghana, ní ìhà òkè, ní agbègbè Kassena-Nankana, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 2010. Bí aboyún bá fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tẹlifóònù yóò máa pè é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Yóò gbọ́ ohùn ènìyàn ní èdè ilé rẹ̀. Ohùn náà yóò sọ ohun tó yẹ kó ṣe ní oṣù tí oyún rẹ̀ wà. Iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é rí ìṣòro kan: ọ̀pọ̀ obìnrin kò ní tẹlifóònù tiwọn. Ti ọkọ ni wọ́n ń lò. Bí ọkọ bá lọ sí oko, ìmọ̀ náà bá a lọ.

Ní ọdún 2014, ìjọba ilẹ̀ South Africa bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é ní MomConnect. Àwọn aboyún ń gba ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún lè béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì lè sọ bí wọ́n bá ṣe wọ́n níṣekúṣe ní ilé ìwòsàn. Láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn obìnrin tó wọ inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Lẹ́yìn náà ni Facebook àti WhatsApp wọ àárín wa. Ọdún 2004 ni Facebook bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2009 ni WhatsApp bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2013, WhatsApp fi ohùn kún un: ènìyàn lè tẹ ibì kan, kó sọ̀rọ̀, kó sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun kékeré ni lójú ẹni tó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n fún obìnrin tí kò mọ̀wé, ilẹ̀kùn ńlá ló ṣí sílẹ̀. Ó lè sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀ láti Moretan, kí ọmọ ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ ní Lomé tàbí ní ilẹ̀ Faransé. Ó lè béèrè ohun tó ń tì í lójú láti béèrè níwájú ènìyàn: oyún tó ń bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ọmú tó le gbagidi. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó wà ní etí odò láyé àtijọ́ ti tún padà wá. Orí tẹlifóònù ló wà báyìí.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé Togo ní Oṣù Kẹta ọdún 2020, a tún rí ohun mìíràn. Ìjọba fi owó ránṣẹ́ sí àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró, wọ́n pè é ní Novissi. Orí tẹlifóònù ni owó náà ń gbà wọlé. Ní Lomé, obìnrin ń gba 12,250 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500, nítorí pé obìnrin ló sábà máa ń bọ́ ilé. Ní ọjọ́ yẹn, obìnrin tó ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ìwé ìdìbò tirẹ̀ lè dáhùn fún ara rẹ̀.

Irọ́ náà ní tẹlifóònù

Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé òtítọ́ ló ń gbé irọ́. Ní Oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹjọ, ìròyìn kan tàn ká orí tẹlifóònù ní òru. Ó ní kí ènìyàn fi omi oníyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́, Ebola kò ní mú un. Àwọn ìyá ń jí àwọn ọmọ wọn. Àwọn ọmọ ń pe àwọn ìyá wọn. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ènìyàn méjì kú nípa iyọ̀ àmujù, tí àwọn bí 20 sì wọ ilé ìwòsàn.

Kí ló wá ṣẹ́gun Ebola ní Nàìjíríà? Ẹsẹ̀ àti ẹnu ni. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò gbà kí aláìsàn náà jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Àrùn náà pa á ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣọ́ àwọn tó bá àwọn aláìsàn pàdé, nǹkan bí 900 ènìyàn. Wọ́n lọ sí ilé wọn ní ìgbà tó lé ní 18,000. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá, Nàìjíríà bọ́.

Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Àrùn yìí ń pa ọ̀pọ̀ obìnrin ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kíá, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lórí WhatsApp pé abẹ́rẹ́ náà yóò sọ ọmọbìnrin di àgàn. Ẹ gbọ́ o: irọ́ ọdún 2003 ló wọ aṣọ tuntun. Ẹni tó mọ ìtàn kò ní jẹ́ kó tan òun lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ní Lomé, Àjọ Ìlera Àgbáyé yin ilẹ̀ Togo. Wọ́n ní òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó mú àrùn mẹ́rin irú èyí kúrò: sòbìà ní 2011, àrùn ẹsẹ̀ wíwú tí ẹ̀fọn ń kó bá ènìyàn ní 2017, àrùn oorun ní 2020, àti àrùn ojú tó ń fọ́ni lójú, tí wọ́n ń pè ní trachoma, ní 2022. Orílẹ̀-èdè kékeré ni wá. Owó wa kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìmọ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ń pọn omi, tí wọ́n sì ń wẹ ọmọ lójú, àrùn sá.

Nítorí náà, bí ìròyìn ìlera bá dé orí tẹlifóònù yín, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Kí ẹ má gba "wọ́n ní" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ọjọ́ wo ni ó sọ ọ́? Ìròyìn àtijọ́ lè padà wá bí tuntun. Kí ni nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera abúlé wa sọ sí i? Bí ẹ kò bá tíì rí ìdáhùn, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kódà bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá yín ló fi ránṣẹ́ sí yín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti kú kí òtítọ́ tó dé kò ní padà wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Bí tẹlifóònù kan ṣoṣo bá wà nínú ilé, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ náà gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ara ọmọ yín ló ń tọ́jú.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ lè ka ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ lára páálí rẹ̀. Ẹ lè ka káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ yín. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ìlera máa ń dé etí yín kẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kà á, ẹ béèrè, kí ẹ sì sọ òtítọ́ rẹ̀ fún obìnrin tó ń pọn omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.